Ṣé wèrèpè lè dáàbò bo ọpọlọ bàbá mi tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n?

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì níhìn-ín ní Kétu, ni ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n láti nǹkan bí ọdún kan, ìrìn wọn náà sì ti falẹ̀. Dókítà ní àrùn Parkinson ni, pé purotéènì kan tí ń jẹ́ alpha-synuclein ló ń dì pọ̀ nínú ọpọlọ wọn. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ń ta ewé àti egbò lọ́jà, fún wa ní hóró wèrèpè tí wọ́n ti yọ irun ara èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ní kí a máa se egbò asofẹ́yẹjẹ mọ́ ọn kí bàbá lè máa sùn dáadáa. Ṣé àgbo yìí lè dáàbò bo ọpọlọ? Ṣé kí bàbá sì jáwọ́ nínú ẹran àti ẹ̀wà, nígbà tó jẹ́ pé purotéènì ló fa àìsàn náà?

Olùtọ́jú Àjàṣẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ asofẹ́yẹjẹ kúrò lónìí. Reserpine wà nínú egbò rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rí dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, tọ́jú pa mọ́, bẹ́ẹ̀ àìtó dopamine yìí gan-an ló ń mú ọwọ́ bàbá gbọ̀n. Ní 1957, Arvid Carlsson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, kéde pé òun fún àwọn ehoro ní reserpine títí wọn kò fi lè mira mọ́, àti pé nígbà tí òun fún wọn ní levodopa, èròjà tí ara ń sọ di dopamine, ni wọ́n tún ta kìjí. Levodopa yìí náà ló wà nínú hóró wèrèpè. Nínú ìkòkò kan náà, ohun tí wèrèpè ń kó wọlé ni asofẹ́yẹjẹ ń kó jáde.

Ọmọ Oníṣègùn, Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Alárùn ọpọlọ tó ń jà ni bàbá mi àgbà máa ń fi asofẹ́yẹjẹ rọ̀ lójú. N kò rí i kí wọ́n fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti falẹ̀. Ṣùgbọ́n bí levodopa bá wà nínú wèrèpè, ṣé kì í ṣe pé ó ń dáàbò bo ọpọlọ nìyẹn?

Olùtọ́jú Àjàṣẹ́:
Rárá, àbúrò. Levodopa ń dípò ohun tó dín kù ni, kò fi hàn pé ó ń tú purotéènì tó ti dì, tàbí pé ó ń dá ikú sẹ́ẹ̀lì dúró. Nínú ìgò àyẹ̀wò, àwọn èròjà ewéko bíi curcumin inú ata ilẹ̀ pupa a máa dí ìdìpọ̀ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ìfun ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì tíì sí ewé kankan tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó dá àrùn yìí dúró lára ènìyàn. Ní ti wèrèpè, levodopa inú hóró kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Bí ó bá pàdé oògùn levodopa tí dókítà ń fúnni, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí yí síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀.

Purotéènì ẹran àti ẹ̀wà kọ́ ló ń dì sínú ọpọlọ, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe alpha-synuclein. Kí bàbá máa jẹ ẹ̀wà wọn. Kìkì pé purotéènì oúnjẹ a máa bá levodopa du ọ̀nà nínú ìfun, nítorí náà, bí wọ́n bá ti wà lórí oògùn náà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí wọ́n máa lò ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ.

Ọmọ Kétu:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti da àgbo náà nù, a ó sì kó hóró wèrèpè tó kù lọ han dókítà. Ó ku bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó mi.