VM kan dédé dúró lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń dúró de èsì: ẹ wá sọ tiyín

Ará Adó:

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹnì kan bi mí lánàá pé kí ni mo fi ń mọ VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni dá dúró) tó ń ṣiṣẹ́ àtèyí tó ti kú, mi ò lè fi gbólóhùn kan dáhùn ẹ̀, torí nǹkan tójú mi rí ló kọ́ mi.

Mò ń bá ilé ìwé kan níbí l'Adó bójú tó sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo iṣẹ́ wọn wà lórí ẹ̀. Sáfà kan ṣoṣo ni, Linux ló wà lórí ẹ̀, KVM, ohun tó ń jẹ́ kí Linux gbé VM, ni wọ́n fi pín in sí VM márùn-ún, èyí tí èsì ìdánwò wà, èyí tí àwọn akáǹtì ń lò, èyí tí wọ́n ń kó fáìlì sí, àti méjì tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.

Ọjọ́ tí èsì fẹ́ jáde, mo ṣì wà lórí ọ̀kadà l'Ájílóṣùn tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Bọ̀dá, èsì ò ṣí o, àwọn òbí ti kún ẹnu géètì." Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí n tó débẹ̀, ẹnì kan ti fẹ́ lọ tẹ bọ́tìnnì sáfà pé kó kú kó tún tàn, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá tó ń tọ́jú ọ́fíìsì tó ní òun ò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ àfi tí mo bá dé. Ọlọ́run á bá mi san án fún ìyá yẹn, torí VM akáǹtì ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀, tí wọ́n bá tẹ nǹkan yẹn gbogbo márààrún ni ì bá kú pọ̀.

Mo tẹ virsh list --all (virsh làṣẹ tá a fi ń bójú tó àwọn VM látorí sáfà). Ẹ má yọ --all yẹn kúrò o, tẹ́ ò bá fi sí i, èyí tó bá ti kú ò ní jáde rárá, ẹ ó wá rò pé kò sí nǹkan tó ṣe. Mẹ́rin kọ "running", ti èsì kọ "paused". Àyà mi já, torí kò sẹ́ni tó ní kó dúró. Mo fi virsh domstate --reason bi í léèrè ìdí, ó ní I/O error, ìyẹn ni pé kíkà tàbí kíkọ sórí dísíkì ti kọ̀. Mo wá tẹ df -h, tó ń fi bí dísíkì ṣe kún tó hàn, lórí sáfà gan-an, dísíkì tí àwọn VM wà ti kún dé 100%.

Qcow2 ni àwọn dísíkì VM yẹn, irú tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré táá máa wú bí wọ́n bá ṣe ń kó nǹkan sí i. Wọ́n ṣèlérí 200GB fún VM kọ̀ọ̀kan, márùn-ún wọn, dísíkì ọ̀hún ò sì ju 500GB lọ. Ó dà bíi kéèyàn pe igba àlejò kó wá gún iyán ọgọ́rùn-ún èèyàn, ọmọ Èkìtì mọ irú ìtìjú tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọnú VM yẹn lọ wò ó, á ní àyè ṣì kù rẹpẹtẹ, ohun tí wọ́n sọ fún un ló mọ̀. Virsh domblkinfo ló máa là á fún yín: Capacity lohun tí wọ́n ṣèlérí, Allocation lohun tó ti jẹ.

Mo kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n dà síbẹ̀ lọ sí dísíkì mìíràn, mo tẹ virsh resume, ibi tó dúró sí náà ló ti tẹ̀ síwájú. Aago inú ẹ̀ nìkan ló ṣì wà ní àárọ̀ kùtù, àfìgbà tí mo fi chronyc makestep tún un ṣe.

Ará Ìkọ̀lé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi ò kú ní tiẹ̀, ó kàn ń wọ́ ni, gbogbo ọ̀sán ló ń wọ́. Mo wọnú VM, mo tẹ top, tó ń fi ohun tó ń jẹ agbára hàn, mi ò rí nǹkan tó ń jẹ sípíyù (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), àmọ́ "st" ń lọ sókè ṣáá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé st yẹn túmọ̀ sí pé VM fẹ́ ṣiṣẹ́ o, sáfà ló ń gbé sípíyù fún ẹlòmíì. Mo jáde sórí sáfà, mo tẹ virt-top, tó dà bíi top àmọ́ tó jẹ́ tàwọn VM, VM tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe bákọ́ọ̀pù (ó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì pa mọ́) lọ́sàn-án gangan. Tẹ́ ẹ bá tẹ 3 nínú virt-top, dísíkì kọ̀ọ̀kan máa jáde, 2 wà fún nẹ́tíwọ̀kì. Nǹkan kan tó tún máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, gbogbo agbára sáfà ló fi ń ṣírò %CPU ẹ̀, tí sípíyù sáfà bá ní kọ́ọ̀ (core) mẹ́rin tí VM sì ní ẹyọ kan, 25 tẹ́ ẹ rí yẹn, ó ti ń lo gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Mo sún bákọ́ọ̀pù sí aago méjì òru, ó tán.

Ará Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, tèmi, àràárọ̀ ni mo máa ń bá VM kan ní "shut off", domstate --reason á ní crashed. Mo rò pé iná ló ń lọ, mo ti ń bá àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ jà. Ìgbà tí mo wo dmesg, ibi tí Linux ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ni mo rí Out of memory, ìyẹn ni pé mẹ́mọ́rì ti tán, Linux fúnra ẹ̀ ló ń pa qemu tó ń gbé VM ṣiṣẹ́. Mẹ́mọ́rì 16GB, VM márùn-ún, 4GB níkọ̀ọ̀kan! Kí ni mo fẹ́ fi mọ èyí tí mo lè dín kù?

Ará Adó:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Virsh dommemstat ni kó o lò, wo "usable" ẹ̀ (mẹ́mọ́rì tí VM ṣì lè rí lò), má wo "unused" (èyí tó ṣófo pátápátá) nìkan, torí Linux máa ń fi mẹ́mọ́rì tó bá ṣófo pa fáìlì mọ́. Tí usable ò bá jáde, fi --period 5 sí i, kó máa gba ìṣirò tuntun ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, kó o tún wò ó. Wò ó fọ́jọ́ mélòó kan, pàápàá lóru, èyí tí usable ẹ̀ ò bá ti wá sílẹ̀ rí ni kó o kọ́kọ́ dín sí 2GB. Kó o lọ bá àwọn oníjẹnẹrétọ̀ yẹn náà, kó o bẹ̀ wọ́n.