Ológbò idẹ ilẹ̀ Íjíbítì: báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ pósí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Íjíbítì. Mò ń kọ àròkọ kan lórí ère ẹranko mímọ́ tí wọ́n fi idẹ ṣe, mo sì ti há síbì kan.

Mo ti lọ wo ère ológbò idẹ kan tí wọ́n ń pè ní ológbò Gayer-Anderson ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jókòó ṣinṣin, yẹtí wúrà létí, òrùka wúrà nímú, àwòrán yímíyímí lórí rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ kọjá àfẹnusọ! Nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fojú bù ú sí.

Mo mọ̀ pé nínú irú ère tó ní ihò nínú bẹ́ẹ̀, àwọn kan jẹ́ pósí fún òkú ológbò tí wọ́n mú gbẹ, tí wọ́n sì fi aṣọ wé. Àwọn mìíràn jẹ́ ọrẹ fún Bastet, òrìṣà obìnrin ìlú Bubastis. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni mi ò rí. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà fi ìsàlẹ̀ ère hàn. Mo fẹ́ fi bí wọ́n ṣe tóbi tó pín wọn, kò bọ́ sí i, torí òkú ọmọ ológbò lè wọ inú ère kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú rẹ̀ dání rí, àmì wo gan-an nísàlẹ̀ tàbí nínú rẹ̀ ló ń fi hàn pé òkú ti wà níbẹ̀ rí? Ṣé bí ojú ihò ṣe fẹ̀ tó ni, àbí amọ̀ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da idẹ náà, tó ṣẹ́kù sínú?