Ọkọ mi, agbẹjọ́rò ní Oaxaca, fẹ́ di aṣòfin ìpínlẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó Agbẹjọ́rò: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oaxaca ní Mẹ́síkò ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ ibẹ̀ ni, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló sì ń ṣe. Láti ìgbà tó ti ní òun yóò díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 2027 ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà á jókòó dè é ní ọ́fíìsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òun yóò sì wà ní abúlé kan tí wọ́n ti ń ṣọdún ẹni mímọ́ wọn, tí yóò máa sanwó àwọn onífèrè. Ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní diputado, ìyẹn aṣòfin, kí ẹnikẹ́ni tó dìbò. Báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò ọkọ mi ta ilé nítorí ipò káńsílọ̀, kò sì wọlé. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé yín?

Alàgbà Délé: Ọmọ mi, kí ló burú níbẹ̀? Benito Juárez, ọmọ ẹ̀yà Zapotec ní Oaxaca, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú kí ó tó pé ọdún 4, ṣe agbẹjọ́rò kí ó tó wọ òṣèlú, ó di gómìnà Oaxaca ní 1847, ó sì di ààrẹ Mẹ́síkò. Jẹ́ kí ọkọ rẹ gbìyànjú.

Olùkọ́ Ìtàn: Alàgbà, ẹ má bínú, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni Juárez ti wà ní 1833, kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò ní 1834. Ẹ kò sì sọ ìyókù. Nígbà tó gbèjà àwọn ará abúlé Loxicha lórí owó tí àlùfáà ń gbà lọ́wọ́ wọn, àtìmọ́lé ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ní 1853, Ààrẹ Santa Anna lé e kúrò nílùú, ó sì di ará New Orleans, Margarita Maza, ìyàwó rẹ̀, ló sì ń tajà bọ́ àwọn ọmọ.

Alàgbà Délé: Ó padà wálé, àbí kò padà?

Ìyàwó Agbẹjọ́rò: Ẹ má fi mí ṣe obìnrin tí kò fẹ́ kí ọkọ òun ga. Owó ni mo ń sọ. Kò tilẹ̀ sí pé yóò pàdánù, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí ipò náà báyìí, òun ló sì fẹ́ fà á lé e lọ́wọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Màdáámù, èyí gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ! Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 kò gba ìbátan ẹni tó wà lórí ipò láyè láti díje fún ipò kan náà. Ọdún 2030 ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú gbogbo ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n Morena, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ti pinnu pé láti 2027 ni tiwọn. Ẹgbẹ́ wo ni ọkọ yín wà?

Ìyá Ìbejì: Ìwé ilé ńkọ́?

Ìyàwó Agbẹjọ́rò: Orúkọ àwa méjèèjì ló wà níbẹ̀. Morena ni. Ó ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò wá nǹkan ṣe sí i.

Ọmọ Abẹ́òkúta: Agbẹjọ́rò ni, ó ti ka òfin yẹn kí èmi tó kà á. Nínú àwọn aṣòfin 42 tó wà ní ilé aṣòfin Oaxaca, 17 ló ń gba inú àtòkọ orúkọ tí ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀ wọlé, àgbègbè ìdìbò ló ń yan àwọn yòókù. Ẹ bi í bóyá ọ̀nà yẹn ló ń tọ̀, tàbí àgbègbè mìíràn tí kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀ hàn yín kí ó tó tún sanwó onífèrè.