«Àṣẹ òfìfo» kọ́: àbá lórí orúkọ àṣẹ tí owó kò tì lẹ́yìn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Mo ti ka àwọn àbá tó wọlé lórí ìtumọ̀ «unfunded mandate», ìyẹn iṣẹ́ tí ìjọba òkè pàṣẹ pé kí ìjọba tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe láìfún un ní owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn káúntì Texas ní Amẹ́ríkà (káúntì ni ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) kì í yọ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń to ohun tí wọ́n fẹ́ kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn kọ́kọ́ mójú tó. Àbá méjì ló wà nílẹ̀: «àṣẹ òfìfo» àti «iṣẹ́ ọ̀fẹ́». Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó dá wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá gbọ́ «àṣẹ òfìfo» yóò rò pé àṣẹ tí kò lè mú ẹnikẹ́ni ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àṣẹ yìí ń mú àwọn káúntì gan-an. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀ràn kan ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, dandan ni kí káúntì gba agbẹjọ́rò fún un. Ìpínlẹ̀ ṣòfin ní 2001 nípa bí wọn yóò ṣe máa ṣe é, àmọ́ àpò káúntì ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti ń jáde. Àṣẹ náà kún fọ́fọ́. Àpò ló ṣófo.

Ní ti «iṣẹ́ ọ̀fẹ́», ẹni tó jàǹfààní ló ń pe nǹkan ní ọ̀fẹ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ìjọba ẹkùn tó pàṣẹ ló tún gbé owó kalẹ̀. Ti Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyá na ìgò epo sí ọmọ pé kó sáré lọ ra epo wá, tí ọmọ gba ìgò, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá wá ní, «Kí lo tún ń dúró ṣe?» Owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọ náà ni epo yóò jẹ. Ìyá yìí sì tún so ẹnu àpò ọmọ. Láti 1982 ni ìwé òfin Texas ti ka owó orí ilé àti ilẹ̀ léèwọ̀ fún ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ti àwọn káúntì, ìlú àti ilé ẹ̀kọ́. Ní 2019, ilé aṣòfin wá dín ìwọ̀n tí káúntì lè fi kún owó yìí lọ́dún kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, láìkọ́kọ́ bi àwọn olùdìbò, kù láti ìdá 8 sí 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. (Ẹnìkan ní ilé kì í ní orí, pé «owó orí ilé» kò bójú mu. Ó ti pẹ́ tí owó orí ti kúrò lórí ẹnikọ̀ọ̀kan di orúkọ gbogbo irú owó tí ìjọba ń gbà, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.)

Fífi «ìjọba ìbílẹ̀» túmọ̀ «káúntì» náà kò tọ́, torí ẹni tó wà nílé yóò rò pé Abuja ló ń pín owó fún wọn lóṣooṣù. Káúntì ni kó jẹ́.

Àbá tèmi ni «àṣẹ àìfowótì», láti inú fífi owó ti nǹkan lẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Houston láìfi àmì sí i, ó kà á sí «àìfọwọ́tì», ó ní ta ni wọn kò fọwọ́ tì. Òótọ́ ni, èyí tó pọ̀ jù nínú wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nítorí náà ni mo ṣe fà á gùn di «àṣẹ àìfowótìlẹ́yìn»: ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n «lẹ́yìn» kò ní jẹ́ kẹ́ni tó ń kà á ṣìnà.

Ibi tí mo ṣì há sí nìyí: ìpínlẹ̀ a máa fún káúntì ní díẹ̀ lára owó agbẹjọ́rò yẹn. Ṣé «àìfowótìlẹ́yìn» náà ni a ó máa pe èyí tí wọ́n fi owó tì lẹ́yìn ṣùgbọ́n tí kò tó? Kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jọ̀wọ́ bá mi wò ó.