Ẹ̀yin Hubert tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ wá sọ ìrírí yín

Hubert_Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o. Hubert ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló fà á. Kò síbi tí ẹgbẹ́ eré ìtàgé Hubert Ògúndé ti ṣeré nígbà ayé wọn tí wọn kì í dé, ìgbà tí wọ́n sì gbé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Hubert ni wọ́n ní kí wọ́n fi sàmì fún mi. Mo ti pé ọdún 49, mi ò tíì fojú kan Hubert mìíràn rí. Ní báńkì, Herbert. Nílé ìwòsàn, Robert. Ní àgọ́ àgùnbánirọ̀, sójà tó ń pe orúkọ wo ìwé, ó wò mí, ó ní "Ìwọ Yúbátì, jáde síta!" Yúbátì ni mo jẹ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ìyẹn ò dùn mí mọ́. Èyí tó dùn mí ni pé ọmọ mi obìnrin gba iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n kọ ìtumọ̀ orúkọ bàbá àti ìyá wọn. Ti ìyá rẹ̀, Mojísọ́lá, kíá ló kọ ọ́. Ló bá kọjú sí mi. Mo ń wò bí ẹni tí olówó èlé ká mọ́lé. Ẹni tó bá mọ Hubert kankan, tàbí ibi tí orúkọ yìí ti ṣẹ̀ wá, kó gbà mí.

Àbẹ̀kẹ́ Aláró:
Hubert kẹ̀? Èmi rò pé Ògúndé nìkan ni wọ́n rọ ọ́ fún ni 😂

Tíṣà Àgbà:
Herbert Macaulay ńkọ́?

Hubert_Ìbàdàn:
Ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Köln:
Bọ̀dá Hubert, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Jámánì. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá Köln. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ń mójú tó, Hubert mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sì sí èyí tí kò tíì pé 80 nínú wọn. Tí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan, ohùn mẹ́ta á dáhùn. Àmọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ibí, mi ò rí ẹyọ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn ló là á yé mi. Ó ní láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn baba ńlá wọn máa ń so pọ̀ di orúkọ, bí àwa náà ṣe ń so Adé tàbí Ọlá mọ́ nǹkan. "Hug" ni ọkàn, inú, ìrònú. "Beraht" ni ohun tó ń tàn. Ẹni tí inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ dá ṣáká, òun ni Hubert. Kí ọmọ yín kọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà.

Ẹ jẹ́ n tún sọ èyí. Lọ́jọ́ 3 oṣù kọkànlá, ọmọ bàbá yìí wá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bá wọn lọ torí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í. A dé ibẹ̀, àwọn ọkùnrin wọ aṣọ ọdẹ, aláwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, wọ́n gbé fèrè idẹ tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín dání. Wọ́n gbé orí àgbọ̀nrín síwájú pẹpẹ! Mo ní mo gbé, orò ni wọ́n fẹ́ ṣe. Àṣé ọjọ́ Hubert Mímọ́ ni, ẹni mímọ́ àwọn ọdẹ. Wọ́n ní ìjòyè tó fẹ́ràn igbó ni, pé lọ́jọ́ tí gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Ẹtì Rere, ó ń lé àgbọ̀nrín kiri. Ẹran náà yíjú padà, àgbélébùú ń tàn láàárín ìwo rẹ̀, ohùn sì bá a wí. Ó kúnlẹ̀. Ó gbà láti yí padà, ó di bíṣọ́ọ̀bù Liège, ó kú lọ́dún 727. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu Jägermeister, àgbọ̀nrín tó wà lára ìgò yẹn, tirẹ̀ ni.

Bọ́lá Onígò:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ìgò ni. Àgbélébùú wà níbẹ̀ lóòótọ́! Látọjọ́ yìí, ìsìn ni mo ń ṣe tí mi ò mọ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ìṣẹ́yìn:
Ọdẹ wo ló ń kúnlẹ̀ fún àgbọ̀nrín? Bàbá tó bí mi lọ́mọ, ọdẹ alẹ́ ni wọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n tan iná sí nǹkan nínú igbó, ojú mẹ́ta ló tàn padà sí wọn. Mẹ́ta o. Wọ́n rọra sọ ìbọn kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sọ ohun tí ọdẹ máa ń sọ, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ọjọ́ 17 gbáko ni wọn ò wọ igbó. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n rí fún wa títí wọ́n fi darúgbó, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìtàn òyìnbó yìí gbọ́ ju bí àwọn òyìnbó fúnra wọn ṣe gbà á gbọ́ lọ. Ohun tó ya Hubert sọ́tọ̀ ni pé kò sá.

Bọ́lá Onígò:
Ojú mẹ́ta. Ẹmu mélòó?

Ọmọ Ọdẹ Ìṣẹ́yìn:
Bàbá mi ò fẹnu kan ẹmu rí. Ìwọ lo lọ wo ìgò.

Àbẹ̀kẹ́ Aláró:
Bí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ sílẹ̀ nìyẹn, tó di obìnrin, tó lọ sọ́jà, tí ọdẹ jí awọ rẹ̀ tó sì fi í ṣaya.

Ìyá Ọ̀yọ́:
Ẹfọ̀n ni. Kì í ṣe àgbọ̀nrín. Ọya ni.

Àbẹ̀kẹ́ Aláró:
Nílùú tiwa, àgbọ̀nrín ni.

Ìyá Ọ̀yọ́:
Ìlú wo? Ṣé ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n ń gbé sójúbọ Ọya ni?

Délé Peckham:
Kí ẹ tó jà tán, ẹ jẹ́ n ba ọbẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ìtàn àgbọ̀nrín yẹn kì í ṣe ti Hubert níbẹ̀rẹ̀. Ti Eustace ni, sójà Róòmù kan. Ó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó wá fi wọ Hubert, nǹkan bíi sẹ́ńtúrì karùndínlógún. Hubert gidi, wọ́n pa ọ̀gá rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Lambert, òun ló gorí oyè rẹ̀. Lọ́dún 825 wọ́n gbé egungun rẹ̀ lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì nínú igbó Ardennes, ìlú tó wà níbẹ̀ lónìí ní Bẹ́ljíọ̀mù, Saint-Hubert ló ń jẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọdẹ ti gbà á bí ẹni tiwọn, ìyẹn ló sì mú orúkọ náà tàn káàkiri ilẹ̀ Faransé àti Jámánì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, àwọn ará Normandy tó wá láti ilẹ̀ Faransé ló mú un gbilẹ̀. Àgbà bíṣọ́ọ̀bù Canterbury kan wà tó ń jẹ́ Hubert Walter, ó kú lọ́dún 1205. Lẹ́yìn náà orúkọ yìí rọ, ó di sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún kó tó tún sọjí. Mo ti wà ní Peckham láti 2003, Hubert kan ṣoṣo tí mo mọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ará Jàmáíkà, ó sì ti fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì Köln:
Bọ̀dá Délé, ẹ wá sọ fún bàbá ẹni ọdún 88 pé ìtàn olórúkọ rẹ̀, ìtàn ayálò ni. Èmi ò ní sí níbẹ̀.

Ìyá Kétu:
Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ rò pé ó ṣọ̀wọ́n ni? Lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ààrẹ àkọ́kọ́ tí a ní nígbà tí a gba òmìnira lọ́dún 1960, Hubert Maga ni! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà, Hubert. Kò sí ẹni tó ronú lé e: ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ni wọ́n bí i, bàbá wa yẹ kàlẹ́ńdà Faransé wò, orúkọ ẹni mímọ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́. Bó ṣe rí fún gbogbo wa nìyẹn. Mo ní àbúrò kan tí wọ́n bí lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá, Sylvestre ló ń jẹ́ títí dòní. Àmọ́ a kì í pe "t" ìparí rẹ̀ o, a kì í pe "h" náà. Ubẹ̀ẹ̀. Màmá wa sì ti sọ ọ́ di Ubẹ́ mi.

Hubert_Ìbàdàn:
Ubẹ́ mi 😭 Èyí dára ju Yúbátì lọ.

Káyọ̀ Kraków:
Pólándì ni mo ti ń kàwé. Nínú kíláàsì wa, Hubert méjì ló wà, ọmọ ogún ọdún! Kì í ṣe orúkọ arúgbó níbí rárá. Ẹ wo Hurkacz tó ń gbá tẹ́nìsì, Hubert ni, 1997 ni wọ́n bí i.

Tíṣà Àgbà:
Mo ti lọ jókòó ronú sí i, mo gbà pé mo ṣìnà lórí Macaulay. "Heri" ló wà níwájú Herbert, ọmọ ogun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ogun tó ń tàn. Hubert ni ti ọkàn. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ó kù díẹ̀. Ògúndé: Ògún ti dé. Ògún ló ni ọdẹ nílẹ̀ wa. Hubert ló ni ọdẹ nílẹ̀ wọn. Hubert Ògúndé, ọdẹ níwájú, ọdẹ lẹ́yìn! Ẹni tó sọ ọmọ tí wọ́n bí ní Òsósà lọ́dún 1916 yẹn ní Hubert, mi ò rò pé ó mọ ohun tó so pọ̀. Herbert ni ogun, Hubert ni Ògún, àmì ohùn ló yà wọ́n.

Ọmọ Ọdẹ Ìṣẹ́yìn:
Háà! Ara mi bù máṣọ.

Délé Peckham:
Ó tún kù. Nǹkan kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́ Hubert Mímọ́. Irin ni. Tí ajá dìgbòlugi bá bu èèyàn jẹ, wọ́n á fi irin yẹn sínú iná títí á fi pọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́jú egbò. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde lọ́dún 1885, àwọn mìíràn ò sì tètè jáwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Tíṣà Àgbà:
Irin. Iná. Ajá. Ọdẹ. Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi mọ́.

Màmá Ìjọ:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹni mímọ́ Ọlọ́run wé òrìṣà. Ẹni tó yí padà kúrò nínú igbó ni.

Ọmọ Ọdẹ Ìṣẹ́yìn:
Màmá, orí àgbọ̀nrín ló wà níwájú pẹpẹ o. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Köln:
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Tí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má jó o o! Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bọ́lá Onígò:
Ajá bù mí jẹ nígbà tí mo wà ní pírámárì. Màmá àgbà mi fi epo pupa àti irun ajá náà sí i. Mo ṣì wà láyé.

Nọ́ọ̀sì Köln:
Orí ló yọ ẹ́. Kì í ṣe irun.

Hubert_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gbogbo ilé. Ọmọ mi kọ ọ́: "Bàbá mi ni ẹni tí inú rẹ̀ mọ́lẹ̀." Ìyá rẹ̀ kà á, ó wò mí láti òkè délẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìyá Kétu, ẹ bá mi kí Ubẹ́ yín. Ẹ bi í bóyá wọ́n ń pe tiẹ̀ náà ní Robert.

Ìyá Kétu:
Albert ni wọ́n ń pè é 😂

Sàkà Ẹdẹ:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ tán ni. Ẹfọ̀n ni o.

Àbẹ̀kẹ́ Aláró:
Àgbọ̀nrín.