Èsì lórí “àbádòfin” àti “òfin ojú-ẹsẹ̀”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka ohun tí àbúrò wa tó wà ní Houston fi síta, mo sì ti ka èsì ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn. Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa ń túmọ̀ ìwé pélébé kan sí Yorùbá fún àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Texas, kí wọ́n lè mọ bí àwọn àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn ṣe ń ṣe òfin tó de iṣẹ́ wọn. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní proposed rule, ìyẹn òfin tí àjọ ìjọba dábàá ṣùgbọ́n tí kò tíì fọwọ́ sí, ó pè é ní “àbádòfin”. Emergency rule, ìyẹn èyí tí àjọ ṣe kíákíá láìdúró de ìkéde, ó pè é ní “òfin ojú-ẹsẹ̀”. Ẹ̀gbọ́n wa ní àbádòfin dára, pé ojú-ẹsẹ̀ ni kò dára, kí á fi “ìlànà pàjáwìrì” rọ́pò rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń dùn mí bí a ṣe ń yára lẹ orúkọ mọ́ nǹkan tí a kò tíì wò yíká.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àbádòfin. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé dá ló wà nínú rẹ̀, pé “dá àbá òfin” la gé kúrú. Rárá o. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè bá pàdé òfin, ohùn òkè yẹn kì í sá: rú òfin, rúfin, arúfin. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn àárín ló ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lára òfin hàn síta: ṣe òfin, ṣòfin, aṣòfin. Bó bá jẹ́ dá ni, “àbádófin” tàbí “àbádáfin” là bá máa gbọ́. Dò là ń gbọ́. Di ló wà níbẹ̀, di olóhùn àárín, èyí tí a ń lò nígbà tí nǹkan bá ti kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí di ń ṣe nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa. Ìsọdọmọ: ọmọ ọlọ́mọ ti di ọmọ ẹni. Ìsọdọ̀tun: ohun tó gbó ti di ọ̀tun. Ìsọdẹrú: ọmọ onílé ti di ẹrú. Kò sí èyí tí ìyípadà náà ṣì wà lọ́nà nínú wọn. Ẹni tí kì í ṣe aṣòfin tàbí oníròyìn, bó bá gbọ́ àbádòfin, ohun tó máa wọ̀ ọ́ létí ni pé àbá ti dòfin, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lílò ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di tiwọn, rédíò ti pè é títí ó fi mọ́ wa létí, mi ò bá wọn jà. Kí á tún wá gbé e lé nǹkan tí kò gba ilé aṣòfin kọjá rárá lórí, ibẹ̀ ni mo ti kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa fi òwe tì í lẹ́yìn: àbá ní í di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá a. Òwe ńlá ni, mo kí yín fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ní í tó ṣáájú di. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni òwe yẹn ń sọ, kì í ṣe ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ ní í kúrò, ẹ lẹ àbá mọ́ di, ẹ ti dí àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì pa nìyẹn. Àwọn àgbà kan náà ló sì ní àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta. Àbá tó dòótọ́ wà, àbá tó forí ṣánpọ́n wà.

Àyè tí mo ń wí yìí, inú rẹ̀ ni ará ìlú ti ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà kí ọ̀rọ̀ kan dí i. Orí 2001 nínú Government Code, ìwé òfin ìpínlẹ̀ Texas lórí iṣẹ́ ìjọba, sọ pé àjọ tó bá fẹ́ ṣe òfin gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ọjọ́ 30, ó kéré tán, kó tó fọwọ́ sí i. Inú Texas Register ni ìkéde náà ń jáde, ìyẹn ìwé ìkéde tí ọ́fíìsì Secretary of State, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀, ń gbé jáde ní ọjọọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣí i wò, kì í ṣe nǹkan tó bo ojú. Ọ̀rọ̀ tuntun tí àjọ fẹ́ fi kún òfin, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ yọ, wọ́n á fi sínú àkámọ́ onígun mẹ́rin, wọ́n á fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò ní pa á rẹ́, kí ẹni tó ń kà á lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kọ iye tó máa ná ìjọba láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́, wọ́n á kọ àǹfààní tó máa ṣe fún ará ìlú àti ìnáwó tó máa bá ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àdírẹ́sì tí èèyàn máa fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wà níbẹ̀. Bí èèyàn 25 bá béèrè, tàbí ẹgbẹ́ kan tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 25, àjọ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ìtagbangba. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wo la ní ní Houston tí kò tó bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ tí àjọ bá wá fọwọ́ sí òfin ọ̀hún, ó gbọ́dọ̀ kọ kókó ohun tí àwọn èèyàn sọ sílẹ̀, kó sì sọ ìdí tí kò fi gba èyí tí kò gbà. Ọjọ́ 20 lẹ́yìn tó bá ti fi í sọ́wọ́ Secretary of State ni òfin náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí oṣù 6 bá sì kọjá lẹ́yìn ìkéde tí àjọ kò fọwọ́ sí i, àbá náà ti kúrò nílẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á ya. Nǹkan tó lè kú láàárín oṣù 6 bẹ́ẹ̀, di wo la fẹ́ fi sínú orúkọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìlànà wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wa ní aṣòfin nìkan ló ń ṣòfin, pé ohun tí àjọ ń ṣe kò ju ìlànà lọ. Bàbá mi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ láyé Western Region. Bí ẹnikẹ́ni bá túmọ̀ àṣẹ ìjọba níwájú wọn, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í: “Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?” Wọ́n sọ fún wa nípa ìyá kan tí wolé-wolé gbé wá nítorí tanwíjí tí wọ́n bá nínú ìkòkò omi rẹ̀. Akọ̀wé tó ń gbẹnu sọ fún un ní kí ìyá mọ̀ pé òun kò tẹ̀ lé ìlànà. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní lọ́jọ́ mìíràn òun á tẹ̀ lé e, ló bá gbé báàgì rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sílé. Bàbá mi ló dìde: “Ìyá, ẹ jókòó. Òfin lẹ rú. Owó ìtanràn wà níbẹ̀.” Òfin wolé-wolé yẹn kì í ṣe ohun tí àwọn aṣòfin jókòó kọ níkọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, ìyá yẹn san owó. Àwọn ògbufọ̀ ayé ìgbà yẹn kò ní ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ tó àwa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ló máa fara gbá a.

Bákan náà ló rí fún ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ní Houston. Bó bá tẹ ohun tí àjọ ṣe lójú, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ. Ẹ má pe ìyẹn ní ìlànà fún un. Òfin-àjọ ni kí á pè é: òfin, nítorí pé ó de èèyàn, àjọ, nítorí pé ó yẹ kó hàn nínú orúkọ rẹ̀ pé agbára àyálò ni. Ilé aṣòfin ló yá àjọ lágbára, àjọ sì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí òfin tó yá a ní agbára náà nígbàkigbà tó bá kéde nǹkan. Èyí tó ṣì wà ní ìkéde, àbá òfin-àjọ ni, kò gbọdọ̀ sí di níbẹ̀.

Àbúrò wa obìnrin ní London ní àjọ á máa rán àwọn ìyá wa létí àjọ dídá. Mo dá a lóhùn pé gbogbo rédíò ló ń sọ àjọ elétò ìdìbò, tí ọ̀rọ̀ kò sì dà rú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ó ní òun ò tíì gbà, èmi náà ò tíì gbà fún un.

Ojú-ẹsẹ̀ ló kàn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, mo fi ìyẹn fún àbúrò wa. Bí ewu bá ń bọ̀ kíákíá sórí ìlera, ààbò tàbí àlàáfíà ará ìlú, tàbí bí òfin ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ bá sọ pé kò sí àyè ìdúró, àjọ lè ṣòfin láìdúró de ọjọ́ 30, bó bá ti lè kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń fi í sọ́wọ́ Secretary of State báyìí ló lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2020, nígbà Kòrónà, bẹ́ẹ̀ ni àjọ ìlera Texas, HHSC, ṣe fi òfin lé ìbẹ̀wò sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìwé pélébé yìí wà fún ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dá ọmọ onílé padà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àjọ tó ń mójú tó ọtí, TABC, ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n má baà ta ọjà hemp, ewéko tó jẹ́ ìbátan igbó, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21.

Ṣùgbọ́n ojú-ẹsẹ̀ kò sọ bó ṣe ń parí. Ọjọ́ 120 péré ni irú òfin bẹ́ẹ̀ lè lò ní Texas. Àjọ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọjọ́ 60 ó pẹ́ tán, ó tán. Ní California ọjọ́ 180 ni ti àkọ́kọ́, ní New York ọjọ́ 90. Ibi gbogbo tí mo ti rí i, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀.

Pàjáwìrì náà kò sọ ọ́. Ó tún ní àléébù mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ wo ìdí méjì tí òfin fún àjọ: ewu, tàbí àṣẹ òfin mìíràn. Nínú ìdí kejì, ewu lè má sí rárá. Ìjọba àpapọ̀ lè kàn sọ pé ọjọ́ báyìí ni kí ìpínlẹ̀ ti ní òfin nílẹ̀. Wìrì wo ló wà níbẹ̀? Ẹ sì rántí etí tí ọ̀rọ̀ yìí ń wọ̀. Àwọn àgbà wa tí wọ́n wà ní Western Region ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn, tí Dókítà Majẹ́kódùnmí di alábòójútó títí ọdún fi parí, bí wọ́n bá gbọ́ pàjáwìrì, ọlọ́pàá àti àhámọ́ ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Òfin ìbẹ̀wò sí ilé arúgbó kì í ṣe ìyẹn.

Fìdíhẹ ni mo mú wá. Òfin-àjọ fìdíhẹ. Ẹni tó fìdí hẹ àga, gbogbo wa mọ̀ pé kò tíì jókòó: ó lè dìde, ó sì lè sún wọlé kó jókòó dáadáa. Bí òfin yìí ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Bó ti ń fìdí hẹ, àjọ lè gbé òfin kan náà síta gẹ́gẹ́ bí àbá, kó gba ọ̀nà ọjọ́ 30, kí ará ìlú sọ tẹnu wọn, kó lè dúró. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ pé, ó dìde.

Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé fìdíhẹ á rán èèyàn létí ìjọba Shonekan. Ó rán mi létí náà. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1993 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ó ti lọ. Ẹni tó gbọ́ fìdíhẹ nígbà yẹn kò retí kó pẹ́. Ìtumọ̀ tí mo ń wá nìyẹn.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ti ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi bí màá ṣe kọ ojú ewé yẹn hàn yín: “Àbá òfin-àjọ: kò tíì di òfin. Ẹ ní ọjọ́ 30, ó kéré tán, láti sọ èrò yín. Òfin-àjọ fìdíhẹ: ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò lè ju ọjọ́ 120 lọ, àyàfi tí wọ́n bá fi ọjọ́ 60 kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ fi ohùn sórí gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí atẹ̀wé sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun kò ní àmì ìsàlẹ̀. Ní ti àmì ìsopọ̀ tó wà nínú òfin-àjọ, ẹ̀gbọ́n wa ti ní kí á yọ ọ́. Mi ò tíì rí ìdí kankan tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un, mo ṣì ń retí rẹ̀.