Wọ́n ní ìyá mi ò kàwé. Ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín sí i.

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá mi ń ṣe n'Íbàdàn, iṣẹ́ yẹn ló fi rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níléèwé. Òun fúnra ẹ̀ ò dé sùkúù rí. Ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó tó ẹni tó yẹ kó lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin méjì sì lọ, òun ni wọ́n ní kó dúró sílé kó máa pọn àbúrò. Bó ṣe di púrúǹtù nìyẹn. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ ò gbé e, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n nílò.

Ní 2009 mo tẹ̀lé e lọ sí báńkì kan, ó fẹ́ gbowó tó máa fi ra aṣọ funfun. Mo ti kọ́ ọ bó ṣe máa kọ orúkọ ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù yẹn, ó ń fẹ̀sọ̀ kọ ọ́ bí ẹni ń gbé ẹyin, ṣùgbọ́n sáìn náà ò bá ti àtijọ́ mu. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà, tí àbúrò mi jù ú lọ, ló yíjú sí ẹnìkejì ẹ̀ tó sọ lóyìnbó, sókè ketekete, pé illiterate ni màmá yìí, kó lọ tẹ̀ka. Ìyá mi ò gbọ́ òyìnbó ṣùgbọ́n ó mọ "illiterate" yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ aláró, ẹ mọ bí ọwọ́ wọn ṣe ń rí, aró ti wọ èékánná ẹ̀ ó ti dúdú títí dé ìdí, omi eérú sì ti jẹ ìlà àtàǹpàkò ẹ̀ débi pé nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ó kàn rí roboto lórí ìwé ni, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ń fi etí ìró ẹ̀ nu ọwọ́, kò sọ nǹkan kan. Èmi tí mo ní sàtífíkéètì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí káwọn èèyàn má mọ̀ pé èmi ni mo tẹ̀ lé e wá. Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn mí dòní, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ láfún, ó mú ìyẹ́ adìẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó yẹn àti ṣíbí láàárín wọn. Kò fi rúlà wọn nǹkan kan o, kò sí pẹ́ńsù, ojú kan ò sì ju ojú kan lọ. Tó bá dọ̀rọ̀ aró, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á ní kò tíì jinná, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀. Àti pé lédè wa, ẹni tí ò kí àgbà là ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kì í ṣe ẹni tí ò lọ sùkúù.

Ọmọ Ààfáà, Ìlọrin
Ọ̀rọ̀ yìí bá mi níbi tó ń dùn mí. Bàbá mi ń ka Lárúbáwá bí ẹni mumi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ń fi háráfù Lárúbáwá kọ Yorùbá. Wọ́n ní ìwé kan báyìí, ibẹ̀ ni gbèsè wà, ibẹ̀ lọjọ́ ìbí gbogbo wa wà. Ẹnì kan wá fi fọ́ọ̀mù bi wọ́n ní ìbéèrè, ó ní ṣé Bàbá kàwé, wọ́n ní àwọ́n kàwé, ó ní ìwé wo, wọ́n ní kéú. Mo wò ó, ó kọ "None". Ẹ máa wò ó o, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba yẹn, tí wọ́n bèèrè ọjọ́ ìbí ẹ̀, inú ìwé "None" yẹn la ti rí i.

Ìyá Ìbejì
Èmi ń ka Yorùbá dáadáa, mo ti ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Mo dé ọsibítù kan, nọ́ọ̀sì bi mí ṣé mo lè kàwé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó na ìwé ara oògùn sí mi, òyìnbó ni gbogbo ẹ̀. Ojú tì mí láti tún sọ̀rọ̀. Mo ń lo méjì lẹ́ẹ̀mẹta níbi tó yẹ kí n lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, èébì fẹ́ẹ̀ pa mí. Láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá, kí ló dé tí oògùn ò lè sọ Yorùbá?

Mẹkáníìkì
Tiwa, ilẹ̀ ni. Bàbá wa tẹ̀ka sórí ìwé ilẹ̀ tí wọn ò kà fún wọn. Lọ́yà ló wá ṣàlàyé pé òfin wà, Illiterates Protection Law, pé ẹni tó bá bá ẹni tí ò mọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí kó yé e, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ sí i. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn òbí yín, kí wọ́n má kàn tẹ̀ka.

Ọmọ aládìrẹ
Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ìyá mi létí lálẹ́ àná. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n wá bi mí pé Ìyá Ìbejì yẹn, ṣé ara ẹ̀ ti yá báyìí?